Àwọn Tó Kọ̀wé àti Àwọn Tí Wọ́n Kọ̀wé Lé Lórí: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò sí Bahia

Ọjọ́ Àìkú

Ìlà-oòrùn la kọ́kọ́ forí lé kí a tó lè dé ìwọ̀-oòrùn: Èkó sí Addis Ababa, Addis Ababa sí São Paulo, São Paulo sí Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl. Láyé àwọn baba ńlá wa, ọkọ̀ ojú omi ń gbéra ní Èkó tààrà. Ó ń kó obì, epo pupa, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì lọ sí Bahia, ó sì ń kó tábà àti ọtí bọ̀. Ọ̀nà yẹn ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwa àti àwọn ará ibẹ̀ ṣe jìnnà síra wa tó lónìí, kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rẹ́ mi wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Olùkọ́ ìtàn ni òun náà, ó ń gbé ní Santo Antônio, lókè Pelourinho. Kí a tó délé ló ti bi mí léèrè ohun tí mo wá wò gan-an. Mo ní mo wá wo ibi tí àwọn ìwé tí mo fi ń kọ́ni ti wá.

Lọ́dọọdún ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nílé ní ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó ré kọjá òkun, kò sì sí ọdún tí orúkọ ìlú yìí kì í jáde. Iye èèyàn ló fà á. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà, bíi mílíọ̀nù 4.8 ló gúnlẹ̀ sí Bràsíl, Bahia nìkan sì gba bíi mílíọ̀nù 1.5 nínú wọn. Ilẹ̀ tó di Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò gbà tó 400,000 tààrà láti Áfíríkà. Níbi tí èèyàn pọ̀ sí ni àwọn olùwádìí náà ń lọ: Raimundo Nina Rodrigues, Edison Carneiro, Ruth Landes, Lorenzo Dow Turner, E. Franklin Frazier, Melville Herskovits, Roger Bastide, Pierre Verger. Dókítà wà nínú wọn, akọ̀ròyìn wà níbẹ̀, onímọ̀ èdè wà níbẹ̀, ayàwòrán náà ò gbẹ́yìn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa há orúkọ wọn sórí nítorí ìdánwò.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló yọ mí lẹ́nu. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè ńkọ́? Kí ni orúkọ tiwọn?"

Ọjọ́ Ajé

Terreiro de Jesus. Ojúde ńlá kan ni, ṣọ́ọ̀ṣì yí i ká, àwọn obìnrin aláṣọ funfun jókòó sábẹ́ agboòrùn, wọ́n ń fi epo pupa din àkàrà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1808, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Bràsíl. Ibẹ̀ ni Nina Rodrigues ti kọ́ni. Maranhão ni wọ́n ti bí i ní 1862, ó sì kú sí Paris ní 1906, kò ju ẹni ọdún 43 lọ.

Òun ló kọ́kọ́ fi ojú olùwádìí wo ilé òrìṣà ní Bahia. Ó ń lọ sí ilé Gantois, wọ́n tiẹ̀ fi oyè ogã, oyè ọkùnrin tó ń ran ilé òrìṣà lọ́wọ́, dá a lọ́lá níbẹ̀. Ó ka àwọn àgbààgbà tí wọ́n bí sí Áfíríkà tí ikú ò tíì mú lọ, ó kọ orúkọ orílẹ̀ wọn, ó kọ àwọn orin àti ọ̀rọ̀ wọn. Ó rí i pé èdè Nàgó, èyí tí àwa ń pè ní Yorùbá, ni àwọn ọmọ Áfíríkà ìlú náà fi ń gbọ́ ara wọn yé, títí kan àwọn tí kì í ṣe Nàgó. Ẹni kan náà yìí ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1894 pé kò yẹ kí òfin ìjìyà kan náà de aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú, nítorí pé ọpọlọ wọn kò dọ́gba.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Tí a bá ju iṣẹ́ rẹ̀ nù, ohun tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò kọ sílẹ̀ nígbà náà ló bá a lọ. Tí a bá sì gbé e gẹ̀gẹ̀, ẹni tó pè wá ní aláìpé là ń gbé gẹ̀gẹ̀. Èmi á ṣì máa kà á, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní baba ìmọ̀ yìí mọ́ ní kíláàsì mi. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Martiniano Eliseu do Bonfim.

Salvador ni wọ́n bí Martiniano sí ní 1859, ọmọ àwọn Áfíríkà tó ti gba òmìnira. Ní 1875 bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Èkó, ó fi í sí ilé ìwé níbẹ̀, kò sì padà sí Bahia àfi ní 1886. Nígbà tó dé, ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Potogí, ó sì mọ Ifá. Nígbà tí dókítà ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ fún un, tí yóò mú un wọlé, tí yóò sọ fún un pé eléyìí rí báyìí, ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀, Martiniano ló rí. Bí a bá ní ká wo ẹni tó mọ nǹkan nínú àwọn méjèèjì, ìdáhùn kò ṣòro.

Inú ilé kan náà, níbi tí wọ́n ti ń wọn agbárí èèyàn dúdú láyé ọjọ́un, ni Museu Afro-Brasileiro wà báyìí. 1982 ni wọ́n ṣí i. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kúrò: pátákó igi kédárì 27 tí Carybé gbẹ́ òrìṣà sí lára, ó fi owó ẹyọ àti irin ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Ọmọ Ajẹntínà ni Carybé, àmọ́ Bahia ló fi ṣe ilé, ilé òrìṣà ni ọlọ́jọ́ sì dé bá a ní 1997.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ilé àkójọ ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia wà ní Baixa de Quintas, nínú ilé àtijọ́ kan tó jẹ́ ti àwọn àlùfáà Jésúìtì. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ débẹ̀, òógùn bò mí. Òṣìṣẹ́ obìnrin kan gbé ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ ọdún 1835 wá fún mi, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi bíírò kọ nǹkan nítòsí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ nípa ogun àwọn Màlé, ìdìtẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Áfíríkà ní Bahia lọ́dún yẹn, a kàn gbọ́ ọ ní ìdákúrekú ni. Òru 24 mọ́jú 25 oṣù kìíní ni, Ramadan ń lọ sópin. Àwọn Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó, ti jọ fìmọ̀ ṣọ̀kan láti jà lójú mọ́mọ́. Ẹnìkan tú àṣírí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wá kan ilẹ̀kùn ilé Manoel Calafate ní Ladeira da Praça, àwọn tó wà nínú ilé bá tú jáde kí àkókò tó tó. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ni ẹ̀wọ̀n tó wà nísàlẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ ìlú, nítorí pé olùkọ́ wọn, Pacífico Licutan, wà nínú rẹ̀. Kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Olówó rẹ̀ ló jẹ gbèsè, wọ́n wá fi Licutan sí àtìmọ́lé gẹ́gẹ́ bí dúkìá tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé. Wọn kò rí i yọ. Ìjà náà gba ojú pópó dé Água de Meninos, àwọn ẹlẹ́ṣin sì ká wọn mọ́ etí òkun. Bí ènìyàn 600 ló jáde jà, ó lé ní 70 tó kú. João José Reis ló tú àwọn ìwé yìí palẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe lórí rẹ̀, tó jáde ní 1986, ni gbogbo ayé sì ń kà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n mú Licutan dé iwájú adájọ́, ó ní Bìlálì ni òun ń jẹ́.

Ohun tí mo rí lọ́wọ́ ara mi nínú ìwé yìí ni bí ìbẹ̀rù ṣe sọ àwọn aláṣẹ di akọ̀wé. Kí òru yẹn tó dé, kò sí ẹni tó bìkítà pé ta ni Nàgó alágbàṣe kan ń bá jẹun, yàrá ta ló ń sùn, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ta ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Lẹ́yìn òru yẹn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ, láti ilé dé ilé. Tírà tí wọ́n gbà lọ́rùn òkú, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀. A ò mọ̀ nípa ìdùnnú àwọn èèyàn wọ̀nyí tó bí a ṣe mọ̀ nípa ọjọ́ ìbínú wọn, torí ọlọ́pàá ló di kálàmù mú.

Ní ọ̀sán, ọ̀rẹ́ mi fi nǹkan mìíràn hàn mí tó jọ mí lójú ju ogun lọ. Ilé òrìṣà tí wọ́n kà sí ìyá àwọn yòókù ní Salvador ni Casa Branca, Ilê Axé Iyá Nassô Oká. Àwọn ìyá ibẹ̀ ti ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran pé obìnrin kan tó ń jẹ oyè Ìyá Nàsó, oyè ẹni tó ń bójú tó Ṣàngó Aláàfin ní Ọ̀yọ́, ló dá ilé náà sílẹ̀. Pé ó padà sí Áfíríkà, òun àti ọmọ rẹ̀ nínú òrìṣà, Marcelina. Pé Marcelina padà wá, ó sì gba ipò. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ka èyí sí àlọ́. Àfi ìgbà tí Lisa Earl Castillo àti Luis Nicolau Parés wọ inú àwọn ìwé ibí yìí, tí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2007. Wọ́n rí Francisca da Silva, obìnrin Nàgó tó ti gba òmìnira. Wọ́n rí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Domingos àti Thomé, tí wọ́n dá lẹ́bi lẹ́yìn ogun Màlé. Wọ́n rí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n sọ ẹ̀wọ̀n wọn di ìlélọ sí òkè òkun. Wọ́n rí ìwé ìrìnnà ọdún 1837 tí gbogbo agbo ilé náà fi lọ sí Áfíríkà, orúkọ Marcelina sì wà níbẹ̀.

Nǹkan bí 170 ọdún ni àwọn ìyá fi ti sọ ọ́ kí ìwé tó wá jẹ́rìí wọn.

Mo yà ní ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní Pelourinho. Ìlù ni wọ́n fi ń gbé orin ìsìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí jù, n kò dúró parí.

Ọjọ́rú

Ọjọ́ Ṣàngó nìyí ní Bahia, nítorí náà ni a ṣe mú un fún Ilê Axé Opô Afonjá ní São Gonçalo do Retiro. Àfi bí abúlé: ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ gbayawu, igi ìrókò, ilé ìwé ọmọdé tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó dá ibẹ̀ sílẹ̀, ilé àkójọ nǹkan àtijọ́ tó ń jẹ́ Ilê Ohun Lailai.

Ẹni tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1910 ni Eugênia Anna dos Santos, Mãe Aninha (Mãe ni ìyá lédè Potogí). Ẹ̀yin tó ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, ẹ gbọ́: Grunci ni àwọn òbí rẹ̀, láti òkè ilẹ̀ tó di Gánà àti Burkina Faso lónìí. Obìnrin tí kò ní ẹ̀jẹ̀ Ọ̀yọ́ lára ló gbé ilé Ṣàngó tó lórúkọ jù ní Bahia dúró. Ìmọ̀ ló fi jogún rẹ̀.

Ìyá àgbà kan gbà wá lálejò. Àwọn ọmọdé ń dọ̀bálẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń kọjá, wọ́n ń pè é ní ebômi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rẹ́ mi ló ń túmọ̀ fún wa. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo jókòó, mo yọ ìwé àjákọ mi jáde. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ará Faransé wá, ó yọ ìwé. Ará Amẹ́ríkà wá, ó yọ ìwé. Ìwọ náà ọmọ ilé, o yọ ìwé. Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi, kí o kọ́kọ́ jẹun."

Àmàlà ni wọ́n gbé wá. Tiwọn kì í ṣe ti ẹlúbọ́ o. Ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni, pẹ̀lú epo pupa àti edé gbígbẹ. Ó dùn. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó rántí pé mo ní ìbéèrè.

Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn Obá Ṣàngó, àwọn olóyè méjìlá ilé náà, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Nígbà tí Aninha ń fẹsẹ̀ ilé múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, Martiniano ló jókòó tì í, tó fi ohun tó gbọ́ ní Èkó ṣètò oyè wọ̀nyí: Abíọ́dún, Ààrẹ, Kakaǹfò, Ọ̀nà Ìsokùn, Arẹ̀sà, Ẹlẹ́rìn, Oníkòyí, Olúgbọ́n àti àwọn yòókù. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń ṣe awuyewuye pé wọ́n dá a sílẹ̀ ni, pé kò sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n dá a sílẹ̀. Oyè wo ni ẹnìkan kò dá sílẹ̀ rí?

"Arẹ̀sà ṣì wà lọ́dọ̀ yín?" ìyá náà bi mí.

Mo ní ó wà, mà, ní Ìrẹsà lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ṣé ó ń jó fún Ṣàngó?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó mi orí, kò sọ nǹkan kan.

Ohun kan wà tí n kò tíì fi kọ́ ẹnikẹ́ni, tí yóò wọ inú ẹ̀kọ́ mi láti ìsinsìnyí lọ. Ní oṣù kìíní 1937, Edison Carneiro, akọ̀ròyìn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, kó àwọn olùwádìí jọ sí Salvador fún àpérò kejì lórí àwọn aláwọ̀ dúdú Bràsíl. Nínú ìwé tó jáde láti ibẹ̀, Martiniano fúnra rẹ̀ kọ nípa àwọn Obá Ṣàngó, Mãe Aninha sì kọ nípa oúnjẹ Áfíríkà. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn dókítà. Nígbà tí ìjọba apàṣẹwàá Getúlio Vargas sì ń dọdẹ Carneiro kiri lọ́dún náà, inú ilé Ṣàngó yìí ni Aninha fi í pa mọ́ sí. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ nínú ọgbà náà pé ìfẹ́ rẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ òun fi òrùka ọmọwé sọ́wọ́, kí wọ́n sì wólẹ̀ fún Ṣàngó. Mãe Stella, tó darí ilé náà láti 1976 títí tó fi papò dà ní 2018, kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó kọ ìwé lóríṣiríṣi, wọ́n sì yàn án sí ilé àwọn òǹkọ̀wé Bahia ní 2013.

Kí a tó lọ, wọ́n rán mi létí Mestre Didi, ọmọ Mãe Senhora tó ti darí ilé náà rí. Ní 1967 ó lọ sí Kétu ní Benin òde òní, ó sì ki oríkì tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ níwájú ọba, oríkì ìdílé Àṣípá. Àwọn tó wà láàfin mọ̀ ọ́n. Wọ́n na ọwọ́ sí agbo ilé náà fún un.

Ọjọ́bọ̀

Ilé Pierre Verger ní Engenho Velho de Brotas ní àárọ̀. Ó kéré, ó pupa, ó wà láàárín àwọn mẹ̀kúnnù, bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Bíi fíìmù àwòrán 62,000 ló fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1996. Paris ni wọ́n bí i sí ní 1902, ó kúrò nílé ìwé ní ọmọ ọdún 17, ó dé Salvador ní 1946, ó di babaláwo ní Kétu ní 1953 pẹ̀lú orúkọ Fátúmbí. Ní 1966 Sorbonne fún ẹni tí kò parí ilé ìwé girama yìí ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ó tún wá kọ́ni ní Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó jẹ́ ìránṣẹ́. Ó ń kó àwòrán àwọn ará Bahia lọ han àwọn ará Dahomey àti Nàìjíríà, ó ń kó tibẹ̀ bọ̀ wá han àwọn ará ìhín. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni Aláàfin fi fi oyè Ìyá Nàsó ránṣẹ́ sí Mãe Senhora ní 1952. Ohun tí n kò fẹ́ràn: nínú àwọn àwòrán tí mo wò, orúkọ ìlú wà, orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sí. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi tún dìde.

Ọ̀sán, CEAO, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ti yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ní Largo Dois de Julho. Agostinho da Silva, ọmọ Potogí kan, ló dá a sílẹ̀ ní 1959. Lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pe olùkọ́ kan láti Ìbàdàn, Ebenezer Latunde Lasebikan, pé kó wá kọ́ àwọn èèyàn ní Yorùbá, àwọn ọmọ ilé òrìṣà sì dà lọ síbẹ̀. Ìwé àtìgbàdégbà wọn, Afro-Ásia, ti ń jáde láti 1965. Àwọn tiwọn náà wá sọ́dọ̀ wa: Yeda Pessoa de Castro, onímọ̀ èdè, kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ó yẹ kí á tẹ́tí sí Yeda dáadáa nílé, bó tilẹ̀ dun ìgbéraga wa díẹ̀. Ó tú èdè Potogí Bràsíl palẹ̀, ó sì fi hàn pé àwọn èdè Kóńgò àti Àǹgólà, Kikongo, Kimbundu, Umbundu, ló wọnú rẹ̀ jù lọ. Àwọn Bantu, àwọn tó ń sọ èdè wọ̀nyí, ti pẹ́ níbẹ̀ kí àwa tó dé; àárín 1800 sí 1850 ni tiwa rọ́ dé, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń túká. Nítorí pé Nina Rodrigues gbé Nàgó ga, gbogbo olùwádìí tó tẹ̀lé e ń lọ sí àwọn ilé Nàgó mẹ́ta kan náà, wọ́n sì ń fojú àbùkù wo àwọn ilé Àǹgólà. Òkìkí wa nínú ìmọ̀ yìí, apá kan rẹ̀ jẹ́ tiwa lóòótọ́, apá kan sì jẹ́ ojúsàájú olùwádìí. Mo bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ọmọ ilé Àǹgólà sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, kò sì fi dúdú pe funfun fún mi: ó ti sú u láti máa gbọ́ pé àfarawé ni ilé ìyá òun.

Ọjọ́ Ẹtì

Funfun gbalẹ̀. Oṣalá, ìyẹn Òrìṣàńlá, ló ni ọjọ́ Ẹtì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, akọ̀wé báńkì, gbogbo wọn ló gbé aláàlà wọ̀. Mo lọ sí Federação, mo wo Gantois láti ẹnu ọ̀nà. Etùtù ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé, àlejò ò gbọdọ̀ wọlé.

Ilé yìí ni ìjà kan ti ṣẹlẹ̀ tó ṣì ń dá mi lẹ́rìn-ín. Frazier, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wá síbí ní 1940, ó bá àwọn obìnrin agbègbè ilé yìí sọ̀rọ̀. Herskovits, aláwọ̀ funfun, tẹ̀lé e dé, ó bá àwọn èèyàn kan náà sọ̀rọ̀. Ní 1942 Frazier kọ̀wé pé bí ìdílé wọn ṣe rí kò ní í ṣe pẹ̀lú Áfíríkà, ipò tí wọ́n bá ara wọn ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ní 1943 Herskovits dá a lóhùn pé irọ́ ni, Áfíríkà ni látòkèdélẹ̀. Ohun tí olúkúlùkù rù wá látilé ló rí. Frazier ń bẹ̀rù pé tí a bá sọ pé Áfíríkà ṣì wà lára aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àwọn òyìnbó á fi lé e sẹ́yìn. Herskovits ń bẹ̀rù pé tí a bá sọ pé kò sí mọ́, wọ́n á ní kò ní ìtàn. Ẹ̀rù àwọn méjèèjì mọ́gbọ́n dání. Kò sẹ́ni tó padà wá bi àwọn obìnrin náà pé èwo ló jóòótọ́.

Ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dání nígbà yẹn ni Lorenzo Dow Turner, ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ wá orúkọ àti ọ̀rọ̀ Áfíríkà nínú èdè Gullah ní etíkun South Carolina àti Georgia. Òun àti Frazier ló jọ wà ní Bahia ní 1940. Dípò kó jiyàn, ó ń gba ohùn sílẹ̀: orin, àdúrà, ìtàn. Àwọn àwo náà wà ní Yunifásítì Indiana, òun fúnra rẹ̀ sì wá sí Ìbàdàn ní 1951. Láìpẹ́ yìí ni àwọn olùwádìí mú ẹ̀dà ohùn náà padà wá sí àwọn ilé òrìṣà, àwọn àgbà sì dá ohùn ìyá àti bàbá wọn mọ̀.

Lálẹ́, ọ̀rẹ́ mi ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí n gbọ́ Martiniano. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí Turner gba ohùn rẹ̀, ó kú ní 1943. Yorùbá rẹ̀ yé mi láìsí ẹni tó túmọ̀. Ariwo àwo ń dí i lọ́wọ́, síbẹ̀ kò kánjú; ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú òun kò mọ̀ tó òun. A tún un gbọ́, a sì tún un gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Iṣẹ́ ló kù. Láti 2003 ni òfin ti pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwé Bràsíl kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Áfíríkà, òfin 2012 sì ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùwádìí tí a jọ jókòó yí tábìlì ká lónìí jẹ́ ọmọ òfin méjèèjì: ọmọ alákàrà, ọmọ awakọ̀, ọmọ ilé òrìṣà. Àwọn tí àwọn àgbà ìdílé wọn máa ń dáhùn ìbéèrè ló wá ń béèrè báyìí.

Ọ̀kan nínú wọn ń wá àwọn tó padà sí Áfíríkà lẹ́yìn 1835. Ìwé ìrìnnà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìrìbọmi ló wà nínú rẹ̀, irú bíi Maria da Conceição, José da Silva, orúkọ tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń jẹ́. Tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tí àwọn olùwádìí rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun méjèèjì ni Rodolfo Martins de Andrade, Bamboxê Obitikô, babaláwo tí ìdílé rẹ̀ wà ní Bahia, tó sì wà ní Èkó. Wọ́n rí i nítorí pé orúkọ rẹ̀ méjèèjì kò sọnù.

Mo ṣèlérí pé màá lọ wo ohun tó wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń wá lè wà nínú àpótí yín. Ẹ̀yin Àgùdà Èkó, Àjàṣẹ́, Ouidah àti Àgbádárìgì, ẹ̀yin da Silva, Martins, Pereira, da Rocha, Campos: ìwé ìrìbọmi, ìwé ilẹ̀, Bíbélì tí bàbá àgbà kọ ọjọ́ ìbí sí, òkúta ojú oórì, ẹ yà á ní fọ́tò kí ikán tàbí òjò tó bá a. Orúkọ ìrìbọmi, orúkọ Yorùbá, àti ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní bí mẹ́ta yìí bá ti tẹ òun lọ́wọ́, òun á wá èyí tó kù ní Baixa de Quintas.